Eré Kérésìmesì Charlie Brown: Àjọjẹ Kò Dùn Bí Ẹnìkan Kò Bá Ní

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1965, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn eré kàtúùnù kan tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A Charlie Brown Christmas ni orúkọ rẹ̀, Charles Schulz ló sì kọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀gá CBS kọ́kọ́ wò ó, ọkàn wọn kò balẹ̀. Orin jáàsì ló ń dún nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rín àtọwọ́dá, ọmọdé kan sì ka ìtàn ìbí Jésù láti inú Ìhìn Rere Lúùkù. Wọ́n rò pé kò ní í ta. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, iye tẹlifíṣọ̀n tó gbé e súnmọ́ ìdajì gbogbo èyí tó wà ní títàn.

Ìbànújẹ́ Charlie Brown nínú eré náà ni pé ọdún Kérésì ti di ọ̀rọ̀ owó. Ajá rẹ̀ ń fi iná ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó lè gba ẹ̀bùn owó, àbúrò rẹ̀ obìnrin náà sì ń béèrè owó nínú lẹ́tà.

Láti 1965 títí di 2019, lórí CBS àti lẹ́yìn náà lórí ABC, ẹnikẹ́ni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2020, ẹ̀tọ́ àfihàn rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Apple. Àwọn ènìyàn fárígá, PBS sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́dún náà àti ní 2021. Láti 2022, ẹni tí kò bá san owó fún Apple, ọjọ́ mélòó kan péré nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn kan ń sọ pé owó ti wà nídìí eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Coca-Cola ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí Coca-Cola san nígbà náà ló jẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ wo ohun kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Owó tòní ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdílé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò lè jàǹfààní ọjọ́ ọ̀fẹ́ náà rárá.

Kò sí ẹni tó ní kí Apple sọ ohun ìní rẹ̀ nù. Kí ó jẹ́ kí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ kan máa gbé e sáfẹ́fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dọọdún, bí PBS ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Igi kékeré tí Charlie Brown gbé wálé, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kò lẹ́wà títí gbogbo ẹgbẹ́ fi pagbo yí i ká láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àjọṣe ló sọ ọ́ di igi Kérésì.