Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àti Windows 11: Kí olùtajà sọ òótọ́ fún oníbàárà

Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ohun tí oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti yí padà. Kò tó mọ́ kí ẹ̀rọ tàn, kí bátìrì sì gbé wákàtí méjì. Wọ́n á béèrè bóyá Windows 11 ló wà nínú rẹ̀. Olùtajà á ní bẹ́ẹ̀ ni, oníbàárà á sanwó, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí wọn kì í sábà bá oníbàárà sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, Microsoft kò fọwọ́ sí i rárá pé kí Windows 11 wà lórí wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Nígbà tí Windows 11 jáde ní oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Microsoft ka òfin sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó gbọ́dọ̀ lè lo Secure Boot tí kì í jẹ́ kí ètò àjèjì gba àkóso ẹ̀rọ bó ṣe ń tàn, RAM rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4GB, àyè ìkópamọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 64GB. Èyí ṣì rọrùn. Ibi tí wàhálà wà ni pròsẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017, ni wọ́n ní àwọn máa gbà lọ sókè. HP EliteBook 840 G3, Lenovo ThinkPad T460, Dell Latitude E7470, ìran kẹfà ni gbogbo wọn. Irú ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun lò tán, tó wọkọ̀ ojú omi dé Computer Village n'Ikẹja, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò kékeré ń rà, nìyẹn.

Ó wá kù síbì kan o. Pròsẹ́sọ̀ ìran keje kan, Core i7-7820HQ, rí ojúrere Microsoft. Inú Surface Studio 2, ẹ̀rọ tí Microsoft fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ni pròsẹ́sọ̀ náà wà. Ẹni bá létí, kó gbọ́.

Bí àwọn ẹnjiníà wa ṣe ń fo odi yìí kò le. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Rufus, èyí tó lè gbé Windows 11 sórí fláàṣì, kó sì yọ àyẹ̀wò TPM àti Secure Boot kúrò nínú rẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ pàápàá ti fi ọ̀nà kan sójú táyé nígbà kan rí, tí ènìyàn á fi kọ ìlà kan sínú Registry kí ẹ̀rọ lè gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni wọ́n yọ ìlànà náà kúrò lójú ìkànnì wọn.

Èrò tiwa ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tó fi owó rẹ̀ rà. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà tó ní RAM 8GB àti SSD ṣì lágbára dáadáa láti tẹ ìwé, ká ṣe ìṣirò owó, ká sì ṣe ìpàdé orí ayélujára. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ní kí gbogbo ayé sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nù, ó yẹ ká béèrè ibi tí wọ́n máa sọ ọ́ nù sí. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Canalys ṣírò rẹ̀ pé bíi mílíọ̀nù 240 kọ̀ǹpútà ló lè di pàǹtírí nítorí òpin Windows 10. Ìwádìí tí wọ́n sì ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 sí 2016 fi hàn pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń wọlé sí wa lọ́dún kan. A mọ ibi tí pàǹtírí òyìnbó ń dé sí.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é yàtọ̀ sí kí wọ́n ṣe é fún un láìsọ. Microsoft ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹ̀rọ tí kò bá òfin mu kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe kankan, àtúnṣe ààbò pẹ̀lú. Lóòótọ́, àtúnṣe oṣooṣù ti ń wọlé sórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kì í sábà wọlé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dà ńlá tó ń jáde lọ́dọọdún, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tó máa kú. Ẹ̀dà 23H2, fún àpẹẹrẹ, kú fún àwọn tó ń lo Home àti Pro ní ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lẹ́yìn Windows 10. Ti 24H2 ni ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026. Ẹni tí wọ́n bá fi 23H2 sí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó bá a gbé e sókè, ìhòòhò tí ẹni tó jókòó sórí Windows 10 wà náà lòun wà, ó kàn jẹ́ pé òun rò pé òun wọṣọ ni.

Ìhòòhò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó sì béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó da iṣẹ́ rú láwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtúnṣe tí ì bá dá a dúró ti jáde láti oṣù kẹta ọdún náà, àwọn tí kò gbà á ló fara gbá jù.

Nítorí náà, ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wo fíìmù nílé lè ṣe bó ṣe wù ú. Ilé ìwé tó kó orúkọ ọmọ jọ, ilé ìwòsàn aládàáni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń tọ́jú owó ọmọ ẹgbẹ́, wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, gbé e lé ẹni tó bá kó ìwífún ènìyàn jọ lọ́rùn pé kó dáàbò bò ó. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó bá òfin mu, tàbí kí wọ́n bọ́ sórí Linux Mint tàbí Ubuntu, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Mark Shuttleworth, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ó ń yà wá lẹ́nu pé àwọn ẹnjiníà wa kì í sábà fi lọ oníbàárà.

Ẹni tó bá ṣì wà lórí Windows 10 lè forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ààbò tí Microsoft fi kún un títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026, ní 30 dọ́là, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá gbà kí ètò ẹ̀rọ rẹ̀ máa wà lórí àkáǹtì Microsoft. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé tirẹ̀ sí Windows 11 fúnra rẹ̀, kó kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì rẹ̀ kọ síbòmíràn. Kó wá ibi tí iná wà, torí bí iná ọba bá lọ lágbedeméjì tí bátìrì sì ti kú, wàhálà dé nìyẹn. Fáìlì tó máa wà jáde ju 5GB lọ, kó ra dátà tó tó. Bí BitLocker bá wà lórí ẹ̀rọ náà, kó kọ nọ́ńbà ìṣípadà rẹ̀ sínú ìwé. Bí Wi-Fi tàbí ohùn bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọjọ́ 10 ló ní láti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ń lo Core 2 Duo kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú, láti 24H2 ni Windows 11 kò ti lè tàn lórí rẹ̀ mọ́.

Ohun kan tó burú ju gbogbo èyí lọ ni ti àwọn tó ń pa ààbò Windows kí wọ́n lè fi ètò ayédèrú ṣí i. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé àṣẹ Windows 10 tó wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún Windows 11. Ẹni tó ń ṣe é ń ṣílẹ̀kùn fún olè lórúkọ oníbàárà.

Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù sọ pé àlòkù ni. A ń ké sí àjọ FCCPC àti àwọn olórí ẹgbẹ́ olùtajà ní Ikẹja láti mú un gbòòrò dé inú kọ̀ǹpútà: kí wọ́n kọ ìran pròsẹ́sọ̀ sórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ ẹ̀dà Windows tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ bóyá Microsoft fọwọ́ sí i. Títí tí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí oníbàárà tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R níwájú olùtajà, kó kọ winver síbẹ̀, kó ka nọ́ńbà tó bá jáde kó tó kówó sílẹ̀.