Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Ka Ọjọ́ Àwọn Alárùn Jẹjẹrẹ

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìlera tí àwọn olóṣèlú wa ń sọ, ìbéèrè kan wà tí a kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí: ọjọ́ mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tí alárùn jẹjẹrẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn ìjọba àti ìgbà tí ìtọ́jú gidi bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀? A ń béèrè nítorí àwọn ará Ìgbògbò, Báyékù àti gbogbo agbègbè Ìkòròdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan Ẹ̀pẹ́ àti ìyókù ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìkú àti ìyè ni. Ní November 2020, ìwé àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní BMJ gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan jáde. Wọ́n kó ìwádìí 34 jọ, èyí tí ó kan aláìsàn tí ó lé ní 1,200,000. Wọ́n rí i pé bí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré falẹ̀, ewu ikú aláìsàn a máa fi nǹkan bí ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn bá tún kọjá, òmíràn tún gorí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kókó tí kò ju hóró àgbàdo lọ, ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti dé abíyá, tí ó sì ti ibẹ̀ wọ egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀bẹ kò lè bá a mọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, àwọn baba wa kò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀nà tí àwọn aláìsàn ń tọ̀. Obìnrin kan ní Ìgbògbò fọwọ́ kan kókó ní ọmú rẹ̀. Kò dùn ún, ohun tí kò bá sì dunni kì í jẹ́ kí a sáré. Ó ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Ó mu àgbo. Ó gba ààwẹ̀. (A kò bú ẹnikẹ́ni: ẹni tí kò mọ ohun tí ń ṣe é, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó sún mọ́ ọn ni yóò kọ́kọ́ lọ.) Nígbà tí ó dé ilé ìtọ́jú tí ó wà ládùúgbò, wọ́n ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Ìkòròdú, láti ibẹ̀, wọ́n kọ ìwé fún un sí Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, tí yóò sì padà sílé lọ retí èsì. Bí èsì bá dé, ó ku yíya àwòrán inú ara, ó ku àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ku owó. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ìtọ́jú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ iye ọjọ́ tí ó ti lọ.

Kì í ṣe tálákà nìkan ni ìfàsẹ́yìn ń bá jà. Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, amòfin tí gbogbo ayé mọ̀, sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú fún òun nílé kí àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù tó rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó dágbére fún ayé ní September 5, 2009. Bí èyí bá lè dé bá Gani, kí ni kí obìnrin tí ń ta ẹja ní Báyékù retí?

A kò sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà ní ọdún 2019 jẹ́ ohun ìyìn, nítorí ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ onítànṣán ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kì í pẹ́ bàjẹ́, àwọn aláìsàn a sì tò sílẹ̀ de àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú onítànṣán sábà máa ń gba ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún. Kí ẹni tí ara rẹ̀ kò le máa ti Ìgbògbò lọ sí Ìdí-Àràbà lójoojúmọ́, kí ó gba Mile 12 kọjá nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀! Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti wà nínú ètò náà; òfin nìkan kò san owó ilé ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní ọdún 2021, àwọn dókítà tí ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 63. Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a sọ lókè. Àwọn dókítà ní ẹ̀tọ́ sí owó wọn, a kò sì ní bá ìjọba tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè gbè é. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kò mọ ìgbà ìyanṣẹ́lódì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé kò yẹ kí ó ju ọjọ́ 60 lọ láti ìgbà tí obìnrin bá mú ẹjọ́ ọmú wá títí di ìgbà tí a óò mọ̀ dájú bóyá jẹjẹrẹ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọjọ́ 62 sí àárín ìwé ìránṣẹ́ kánjúkánjú àti ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Láti ìparí ọdún 2015 ni àwọn fúnra wọn kò ti lè mú un ṣẹ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń ka ọjọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù, àwọn aráàlú sì ń fi í bá ìjọba wọn wí. Ìwádìí kan tí a ṣe lórí jẹjẹrẹ ọmú ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó kàn, nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Tiwa ni ó kéré jù nínú márààrún.

Ohun tí a ń béèrè kò gba owó púpọ̀. Ọmọ tí kò bá wá sí kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta, olùkọ́ á mọ̀, nítorí ó ń pe orúkọ láràárọ̀. Á sì ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀. Kí ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a bá fura sí jẹjẹrẹ lára rẹ̀: ọjọ́ tí ó dé, ọjọ́ tí a gé kókó rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ tí èsì jáde, ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò wá aláìsàn tí kò padà wá. Kí a sì máa tẹ àròpọ̀ ọjọ́ náà jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìjọba mẹ́ta ni ọ̀nà yìí gba ọwọ́ wọn kọjá, ti ìbílẹ̀ ní Ìgbògbò-Báyékù, ti ìpínlẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ìkẹjà, àti ti àpapọ̀ ní Ìdí-Àràbà. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ìwé, olúkúlùkù wọn yóò máa nawọ́ sí èkejì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ má fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún àwọn alátakò. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè é ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, kí ó sì béèrè é lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dìbò fún.

Ní ti àwọn olùkọ́, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ yín tí kò ní láti dúró de ìjọba. Láti October 2023 ni abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ti wọ inú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ìjọba fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bẹ níwájú yín nínú kíláàsì. Ẹ bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni.