Ẹ̀jẹ̀ Ò Gbọdọ̀ Dúró De Ìwé

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu géètì ọsibítù ni mo bá wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mọ́tò gbá a ní Ìwó Road. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé e, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo nọ́ńbà ara téèpù náà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ní ọsibítù ni pé ìwé ọlọ́pàá dà. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní èló ni mo mú dání. Orí bẹ́ǹṣì lọmọ náà wà títí ẹ̀gbọ́n mi fi yáwó dé. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro di òní.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Abala 20 Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Owó ìtanràn ẹni tó bá rú òfin yìí jẹ́ 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Àìlówó lọ́wọ́ wà nínú “ohun yòówù” yẹn, àìní ìwé ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀. Ẹni tíbọn bà pàápàá, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, bí ọlọ́pàá fọwọ́ sí i, bí wọn ò fọwọ́ sí i.

Mi ò bá àwọn nọ́ọ̀sì jà. Wọ́n ń bẹ̀rù kí gbèsè má bọ́ sí wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń béèrè wà nílẹ̀: inú páálí ìnṣọ́ránsì mọ́tò tó gbá ọmọ náà ló wà. Òfin ìnṣọ́ránsì kò fàyè gba mọ́tò kankan lójú títì láìní èyí tó ń dáàbò bo ẹlòmíì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, 15,000 náírà ni mọ́tò aládàáni ń san fún un lọ́dún. Ẹni tó bá fara pa ló ni ẹ̀tọ́ láti béèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ́tò náà. Àwa kàn ń rà á ká lè fi kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ yẹn, dẹ́rẹ́bà tó gbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà ní ká fi ti Ọlọ́run ṣe é. Ó ki 20,000 náírà bọ̀ mí lọ́wọ́, mo ní kó máa lọ. Mi ò kọ nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ya fọ́tò. Ẹjọ́ ò dé tésàn, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ò gbọ́ sí i. Owó tó yẹ kó tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ náà bá mọ́tò yẹn lọ.

Ọlọ́lá jùlọ, mo bẹ̀ yín, ẹ fi òṣìṣẹ́ kan sí yàrá pàjáwìrì gbogbo ọsibítù ìjọba. Kó gba nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ dẹ́rẹ́bà àti ti iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí dẹ́rẹ́bà tó lọ, kó sì máa bá ẹbí aláìsàn lépa owó náà, nígbà tí dókítà bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ abala 20 yẹn ní Yorùbá, gàdàgbà, sórí pátákó lẹ́nu géètì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbé e lóru. Bó bá jẹ́ owó pátákó ló máa fa ìdádúró, ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti ṣetán láti ṣe ti ọsibítù tó wà lọ́dọ̀ wa.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ kan n’Ìbàdàn