Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Orúkọ Tí Ó Yẹ Híítà Ẹ́ńjìnnì Dísù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìkómọjáde nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó láti wá orúkọ Yorùbá fún ohun-èlò tí ó ti òkèèrè wá. Ẹni tí ó bá wo orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun náà nìkan, tí kò wo ilé tí ohun náà ń gbé, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti wàhálà tí ó máa ń kó bá ẹni tí ń tún un ṣe, yóò sọ ọ́ ní orúkọ tí ó dùn létí nínú yàrá ìkàwé, ṣùgbọ́n tí yóò ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà nínú ọgbà mẹkáníìkì. Àpẹẹrẹ kan tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó lè ba odidi ẹ́ńjìnnì jẹ́, ni irin kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní híítà tàbí híítà pílọ́ọ̀gì, èyí tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ń lo dísù.

Ilé náà ni ó yẹ láti kọ́kọ́ wò. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù, pílọ́ọ̀gì ni ó ń ta iná pàrà sí àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́, tí gbogbo rẹ̀ fi ń gbiná. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní irú pílọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbà mú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897 yàtọ̀. Písítìnì a kọ́kọ́ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí epo bá ti wá wọlé, a gbiná fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì 2L tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota Hilux àtijọ́, afẹ́fẹ́ tí ó kún sìlíńdà a máa fún pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú 22.

Ṣùgbọ́n bí irin ẹ́ńjìnnì bá tutù, a máa gba ooru yìí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó tí kò lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ bí ó ti yẹ mọ́, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Èéfín funfun nìkan ni yóò máa tú jáde. Níbí ni híítà ti wúlò. Bátìrì a rán iná sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó wọ inú ihò kékeré tí epo ti ń gbiná a sì pọ́n bí irin nínú iná alágbẹ̀dẹ. Ẹ́ńjìnnì náà ń yáná gẹ́gẹ́ bí arúgbó ti ń yáná nígbà ọyẹ́ kí ó tó lè dìde sí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Irin yìí gùn, ó sì tín-ín-rín. Òkè rẹ̀ ni orí onígun mẹ́fà tí sípánà ń dì mú. Àárín rẹ̀ ni tíréèdì, ìyẹn àwọn ilà wínníwínní tí ó yí ara irin ká. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn tó ìka ọwọ́, tí wáyà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìyẹ̀fun tí iná mànàmáná kò lè gbà kọjá ká wáyà náà mọ́.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí híítà bá jó, tí ó sì di dandan láti yọ ọ́. Ní ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ ti ń gbóná bí ilẹ̀ Yorùbá, ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ṣì le máa ń dáhùn láìsí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó rọrùn fún onímọ́tò láti gbàgbé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá darúgbó, tí ọyẹ́ sì dé, ni wọ́n tó ń wá a kiri. Nígbà náà, ìpẹtà ti mú tíréèdì rẹ̀, èéfín sì ti dì bí èédú yí ọ̀pá rẹ̀ ká. Bí ọ̀gá bá wá wí fún ọmọ iṣẹ́ pé, “Tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rin yẹn kí n tó dé,” ohun tí ọmọ náà mọ̀ mọ́ pílọ́ọ̀gì ni yóò ṣe. Pílọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kúrú, ó sì ki. Bí èyí bá kọ̀ tí kò yí, yóò rò pé agbára ni kò tó. Yóò fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà, yóò sì gbé gbogbo ara lé e. Ohun tí ọ̀gá yóò bá nígbà tí ó bá padà dé ni, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ó ti já sínú o.”

Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti irin kékeré mọ́. Ó lè di pé kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tí ń lu irin ní ihò, kí wọ́n sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kí wọ́n tó dá a padà. Bí ègé irin náà bá sì jábọ́ sínú, tí ẹnì kan fi àìmọ̀ ṣí ọkọ̀, písítìnì lè bàjẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo ènìyàn yóò bú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi rán an níṣẹ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sọ fún un pé ohun gígùn tí ó lè kán wà lábẹ́ orí tí sípánà dì mú.

Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kọ́ ni ó ń ṣini lọ́nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí atúmọ̀ bá bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pàdé tí ó ń tọ́ka sí irin tí kò ṣe é tú, yóò kọ “há” síwájú rẹ̀, yóò sì gbà pé iṣẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá ti pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó kéré tán. Irin lè dípẹtà. Ó lè lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Ó lè wú. Ó sì lè há. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ àti ìwòsàn tirẹ̀.

Èyí tí ó dípẹtà kì í mì rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo tí ń tú ìpẹtà ni wọn yóò kán sí ìdí rẹ̀, wọn yóò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn yóò sì tún un kán, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí ó lẹ̀ a máa yí díẹ̀, a sì tún le padà, nítorí èédú ni ó dì í mú. Ẹ́ńjìnnì ni wọn yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná, bí ó bá ṣì lè ṣiṣẹ́; lẹ́yìn èyí, wọn yóò tú u díẹ̀, wọn yóò dá a padà díẹ̀, wọn yóò sì tún kán epo sí i. Èyí tí ó wú ni ó léwu jù lọ. Tíréèdì rẹ̀ a tú pátápátá, orí rẹ̀ a sì máa yí lófo, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò ní gòkè. Iná tí ó pọ̀ jù tàbí tí ó pẹ́ jù ni ó sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ńlá ju ihò tí ó gbà wọlé lọ; irú èyí sì lè ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá so híítà tààrà mọ́ bọ́tìnnì, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́. Fífà tagbára-tagbára ni yóò já èyí. Nígbà mìíràn, nọ́súù ni wọn yóò yọ kí wọ́n lè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni wọn yóò tú. Èyí tí ó há ní tirẹ̀ ni èyí tí ẹni àtijọ́ dè ní wíwọ́, tí tíréèdì gun ara wọn; yóò le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rún irin yóò sì máa bá a jáde.

Nínú gbogbo èyí, òdiwọ̀n wà fún agbára. Fún híítà tí tíréèdì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 10, agbára tí wọ́n fi ń tú u kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 35 níútọ̀nù-mítà lọ. Fún ti mílímítà 12, nǹkan bí 45. Èyí tí ó jẹ́ 35 dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹrù kílógírámù 7 kọ́ ẹnu sípánà tí ó gùn ní ìdajì mítà. Ọkùnrin tí ó wọn kílógírámù 60, tí ó gbé gbogbo ara lé ẹnu páìpù mítà kan, ti fi agbára tí ó ju ìlọ́po 10 lọ lé e. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú kí sípánà tó dé ilẹ̀ yìí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Kí ni kí irin yìí máa jẹ́ nínú ìwé Yorùbá? Àwọn kan yóò ní kí wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní pílọ́ọ̀gì. Ewu tí ó wà nínú èyí ti hàn. Àwọn mìíràn yóò tẹ̀ lé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ irin tí ó pọ́n, wọn yóò sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó jẹ mọ́ títàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀? Inú òkùnkùn ni ó ń pọ́n sí. Ooru rẹ̀ ni ó wúlò, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ti àwọn mẹkáníìkì, híítà, sàn ju méjèèjì lọ, nítorí iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe ni ó dárúkọ. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé híítà náà ni irin tí wọ́n fi ń se omi ìwẹ̀ nínú ilé, kò sì sọ ohunkóhun nípa ìrísí èyí tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì.

“Ọ̀pá ìyáná” ni ó yẹ ẹ́. Ìyáná sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá sọ ìrísí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ̀pá ti mọ̀ pé ohun gígùn ni, àti pé ohun gígùn tín-ín-rín a máa kán. Kí wọ́n fi pílọ́ọ̀gì sílẹ̀ fún ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti di ọmọ onílé, gẹ́gẹ́ bí dísù, tí ó jẹ́ orúkọ ènìyàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti di ọmọ onílé. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa jẹ́ fún ohun méjì tí ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

Àwọn kan lè wí pé irú ọ̀rọ̀ yìí kéré jù fún iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọdé lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, sì fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ wọ ọgbà mẹkáníìkì ṣì nílò ìwé tí yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́ yékéyéké. Kò sí bí ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe lè wáyé bí “dípẹtà,” “lẹ̀,” “wú” àti “há” kò bá ní ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àkójọ èdè-ìperí.

Nítorí náà, ọ̀nà kan wà tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí gbà dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí wọ́n kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá lórí bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀pá ìyáná: kí wọ́n kọ́kọ́ tú ẹnu bátìrì, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wò ó bóyá iná ṣì ń gbà á kọjá, kí wọ́n má baà yọ èyí tí kò jó, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó dípẹtà, ó lẹ̀, ó wú tàbí ó há, kí wọ́n má ṣe kọjá òdiwọ̀n agbára, kí wọ́n ha èédú inú ihò kúrò kí tuntun tó wọlé, kí wọ́n sì fi ìwọ̀nba gírísì tí ń gba ooru ra tíréèdì rẹ̀, kí ó má baà tún mú ẹni ẹ̀yìn ọ̀la. Kí wọ́n gbé ojú ìwé yìí fún ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní iwájú ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde ní odidi, èdè-ìperí náà ti yege. Ibi tí ọmọ náà bá ti dúró béèrè ìtumọ̀ ni kí wọ́n padà sí, kí wọ́n sì tún un ṣe.