Inú Ènìyàn Kì Í Ṣe Ìkòkò Tí À Ń Ha

  

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, iṣẹ́ méjì ni a máa ń rí ní abúlé wa. Àwọn ọkùnrin ń pọ́n ọkọ́ àti àdá. Àwọn ìyá ń já ewé. Wọ́n ní ọdún ti yí, inú gbọ́dọ̀ mọ́ kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà á mu àgbo tí yóò mú un lọ sí ìgbẹ́ títí di alẹ́. Ọmọdé ńkọ́? Wọ́n á dà á dojú bolẹ̀ lórí itan. Wọ́n á mú rọ́bà tí àwọn onífaransé ń pè ní poire, wọ́n á fi fún omi ewé sí i nídìí.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ kí inú òun mọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ipá tí a ń lò ni kò dára. Èrò mi ni pé ìtọ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní àkókò kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, ni inú ń fẹ́. Ní ti ọmọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé rọ́bà yẹn tì pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé mi

Kì í ṣe ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mo ń rò. Ọmọ mi kejì pé oṣù méje nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú. Ó ní: « Ìyàwó mi, ìdọ̀tí ló wà nínú ọmọ yìí. Jẹ́ kí a fọ̀ ọ́ jáde. » Ó se ewé, ó fi ata díẹ̀ sí i. Ó fún un sí ọmọ nídìí ní àárọ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Mo ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ wa bí ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé omi ara ni ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ń pàdánù. Mo mọ̀ pé bí a bá tún fọ̀ ọ́, omi mìíràn yóò tún jáde. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀. Ta ni èmi ìyàwó ilé, tí n ó fi kọ́ ìyá ọkọ mi ní ìtọ́jú ọmọ? Ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé kò jáde. Ọkọ mi gbé wa sórí alùpùpù, a sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kò bú wa. Ó mú ṣíbí, ó ń fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọmọ náà yè. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé dídákẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Bí ìfun ṣe ń fọ ara rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú dà bí ìkòkò. Oúnjẹ ń jó mọ́ ọn nídìí, ó yẹ kí a ha á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó mítà 6. Ìfun ńlá gùn tó mítà 1 àtààbọ̀. Ìfun ń sún bí ekòló ti ń sún, ó ń ti oúnjẹ lọ síwájú. Awọ inú ìfun kékeré ń di tuntun láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Ti àtijọ́ ń re, tuntun ń yọ, bí ewé ara igi. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín náà ń yọ ohun tí kò dára kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni ara fi ń dà á nù. Ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ yìí ń lọ, kò dúró de òjò.

Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí wà nínú ìfun ńlá. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n sì ń dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò àrùn. Bí a bá fi àgbo líle gbá inú, a gbá olè, a sì gbá ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ata àti kán-ún ń bó awọ inú ìdí ọmọ. Àwọn kan ń lo hóró bọ̀tujẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní lápálápá. Májèlé wà nínú hóró náà. Ẹni tó jẹ ẹ́ yóò yàgbẹ́, yóò sì bì. Ó lè rò pé ìdọ̀tí ọdún kan ló ń jáde. Rárá, ara ló ń lé májèlé jáde. Ewé àsùnwọ̀n kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu ún lemọ́lemọ́ ń pàdánù omi àti iyọ̀ ara rẹ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu irú àgbo bẹ́ẹ̀ rárá, àfi kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

« Àwọn baba wa ṣe é »

Ní kíláàsì àwọn àgbà tí mo ń kọ́ ní alẹ́, bàbá kan sọ fún mi pé: « Olùkọ́, àwọn baba wa ṣe é, kò pa wọ́n. » Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó yè ló ń ròyìn. Àwọn ọmọ tí kò yè kò sí níbí láti sọ tiwọn.

Ohun kan wà tí àwọn baba wa rí, òótọ́ sì ni. Bí àkókò bá yí, inú náà ń yí. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, a kì í mu omi púpọ̀, ẹ̀fọ́ tútù sì ṣọ̀wọ́n. Ìgbẹ́ á le, inú á kún. Bí òjò bá dé, àgbàrá á wọ́ ìgbẹ́ inú igbó lọ sí odò àti kànga. Eṣinṣin á pọ̀. Ní Kétu, omi jìn nínú ilẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ń gbe omi òjò láti orí páànù. Òjò àkọ́kọ́ ló ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá láti orí páànù wá sínú omi tí a óò mu.

Ẹ rí i pé ẹnu ni àrùn ń gbà wọlé. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kí ló dé tí a fi ń fọ ìdí, tí a sì fi ẹnu sílẹ̀?

Ẹ rántí sòbìyà. Ẹ̀yin àgbà mọ bó ti ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí ó yẹ kó wà lóko. Àgbo kankan kò lé e lọ. Aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tó dára, àti pé ẹni tó ní in kò gbọdọ̀ wọ odò, àwọn ni wọ́n lé e lọ. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìyà ti tán ní Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 2011, wọ́n jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fún Tógò. Ohun tí a tọ́jú lẹ́nu ọ̀nà kò ráyè wọlé.

Ìtọ́jú inú láti ìgbà dé ìgbà

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa mu omi léraléra, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ jẹ ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Ẹ fi ẹ̀wà kún oúnjẹ yín. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín, ẹ má ṣe mú un mọ́ra.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fọ ìkòkò omi àti ibi tí ẹ ń gbe omi òjò sí. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù lásán, kó ṣàn dànù. Ẹ bo omi náà. Ẹ sè é kí ó hó kí ẹ tó mu ún.

Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ̀fọ́ pọ̀ nílé àti lóko: tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀, yọ̀yọ̀, ilá. Ẹ jẹ wọ́n lójoojúmọ́. Fọ́nrán inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni ìgbálẹ̀ tí ìfun mọ̀. Máńgòrò náà dára, ṣùgbọ́n ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́.

Ní gbogbo ìgbà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́ àti kí ẹ tó jẹun. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, kí ẹ sì máa lò ó. Ẹ wọ bàtà lọ sóko, nítorí irú aràn kan ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá bẹ̀rù aràn, ẹ lọ gba oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá wá pín in ní ilé ìwé ọmọ yín, ẹ má kọ̀ ọ́. Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri.

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru

Ẹ má fún nǹkan kan sí i nídìí. Ẹ máa fún un ní ọmú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni oúnjẹ àti omi rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí oògùn ìgbẹ́ gbuuru onílẹ́bú gbà, ẹ po èyí:

Omi mímọ́ lítà 1.
Ṣúgà ṣíbí kékeré 6, kí ó má ga ju etí ṣíbí lọ.
Iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré kan.

Ẹ kíyèsí i: ọ̀pọ̀ ìgò ńlá tí à ń rà omi gba lítà 1 àtààbọ̀. Ẹ wọn omi náà dáadáa. Ẹ fi ṣíbí fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ẹ sì gbé ọmọ lọ kí nọ́ọ̀sì wò ó, kí ó sì fún un ní oògùn zinc tí yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú bá jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ bá ń sùn ṣáá tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀

Nígbà tí ọmọ mi yá tán, mo kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Mo ní: « Ìyá, ẹ ṣeun. Ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi hàn yín. » Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní: « Mú ṣíbí náà wá. » Lónìí, àwọn ni wọ́n ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn ọmọ agbo ilé wa. Wọ́n ṣì ń mu àgbo tiwọn nígbà tí òjò bá dé. N kò bá wọn jà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó tún rí rọ́bà yẹn ní ilé wa.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti mọ̀wé, ìmọ̀ tí a pa mọ́ sínú kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí wa. Ọmọ kan náà ni gbogbo wa ń tọ́.