«Mímú-wá» Kọ́ Ni «Iṣẹ́-rírán»

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ṣe déédéé. Ó yẹ kí a fi irú àmójútó bẹ́ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọ̀dọ́ kan ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣe ètò kékeré kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ ilé-ìwé lè fi máa ka Wikipedia Yorùbá. Ètò náà yóò gba API, èyíinì ni ẹnu-ọ̀nà ìbéèrè, kí ó tó rí àyọkà gbà. «Fetch» ni orúkọ àṣẹ tí JavaScript ń lò fún èyí. Atúmọ̀ tí ó bá kánjú yóò pè é ní «mímú-wá». Èmi kò fara mọ́ ọn.

Nínú gírámà wa, bí a bá ní «Ó mú omi wá», omi ti dé nìyẹn. Àṣẹ yìí kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Bí èsì bá jẹ́ 404, pé ohun tí a béèrè kò sí, tàbí 500, pé nǹkan bàjẹ́ lọ́hùn-ún, fetch kò kà á sí ìkùnà. Ìgbà tí ọ̀nà bá dí pátápátá ni ó tó kígbe.

Èrò tèmi ni pé kí a pè é ní «iṣẹ́-rírán», kí a pe èsì ní «àbọ̀-iṣẹ́», kí nọ́ńbà náà sì jẹ́ «àmì-àbọ̀». A lè rán ọmọ níṣẹ́ kí ó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fúnra wọn ń kọ́ni ní ìlànà: kí a wo àmì-àbọ̀ kí a tó tú ẹrù, kí a dá àkókò fún ìránṣẹ́, kí a má ṣe rán an lọ sódò nígbà tí omi ṣì wà nínú àmù, èyíinì ni ibi ìpamọ́ inú ètò, bí ó bá sì bá 429 pàdé, pé ìbéèrè ti pọ̀ jù, kí ó sinmi kí ó tó padà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí ọ̀nà bá dí, tí ètò sì kọ «Kò sí» síwájú ọmọ, yóò gbà pé èdè rẹ̀ kò ní ìmọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìránṣẹ́ ni kò débẹ̀. «Kò sí» yàtọ̀ sí «A kò tíì rí i gbà». Ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀.