Abẹ́ Yìnyín Ni Ikú Lúgọ Sí

Bàbá kan kọ̀wé sí wa láti Iléṣà. Ó ní ọmọ òun tó ń kàwé ní Colorado, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti pa bọ́ọ̀lù tì. Pákó gígùn méjì ló ń so mọ́ ẹsẹ̀ báyìí, tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín, níbi òkè jíjìn tí kò sí olùṣọ́. Ọmọ ní kí bàbá má fòyà, pé àwọn ní ẹ̀rọ, àwọn sì máa ń yẹ yìnyín wò kí àwọn tó gùn ún. Bàbá ní, “Ṣé òótọ́ ni, àbí ó ń tàn mí?”

Bàbá, òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ yẹn ò tó.

Yìnyín ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń lu páànù wa. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bọ́ bí òwú, á máa gun orí ara wọn ní ìpele ìpele. Ti Colorado wá burú. Yìnyín àkọ́kọ́ ọdún kì í nípọn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, otútù òkè sì ń gan èèyàn. Èyí ló ń sọ yìnyín ìsàlẹ̀ di wóróbo bí gàrí gbígbẹ. Ẹ bù ú sọ́wọ́, á máa jò láàrin ìka. Tuntun á bọ́ lé e, atẹ́gùn á kì í mọ́lẹ̀, á le bíi pákó. Pákó lórí gàrí, lórí òrùlé tó dagẹ̀rẹ́! Ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo tó já a. Àwọn tó ń kú sínú rẹ̀, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ jáde ló sábà máa ń já a.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gé òpó yìnyín tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó jìn sẹ́yìn ní 30. Wọ́n á gbé ṣọ́bìrì lé e ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa fọwọ́ gbá a: ẹ̀ẹ̀mẹwàá láti ọrùn ọwọ́, mẹ́wàá láti ìgbọ̀nwọ́, mẹ́wàá láti èjìká. Bó bá là láti etí kan dé èkejì, ilé yá. Bí kò bá là ńkọ́? Ibi tí wọ́n gbẹ́ nìkan ni kòtò ń jẹ́rìí sí o. Ogún ìṣísẹ̀ síwájú, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2013, èèyàn mẹ́fà gòkè ní Sheep Creek, lẹ́bàá Loveland Pass, ní Colorado yìí kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n mọ̀ pé òkè yẹn léwu, ṣe ni wọ́n ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ síbi tó sàn, wọ́n tiẹ̀ fi àlàfo sáàárín ara wọn. Ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n wà tí òkè fi ya lé wọn. Márùn-ún kú.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ yín léèrè ẹ̀rọ. Ẹ bi í pé: “Ibi tí ẹ ń gùn, dígírì mélòó ló fi dagẹ̀rẹ́? Kí ló wà lókè orí yín?” Láàrin 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya. Ibi tí kò tó 30, tí òkè tó ga jù bẹ́ẹ̀ ò sì sí lórí rẹ̀, kó máa ṣeré ẹ̀ níbẹ̀. Bó bá sì gbọ́ “gbùú” lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ mí kanlẹ̀, kó yí padà kíá.

N ò bú ẹ̀rọ o. Rédíò kékeré tó ń ké sí ara wọn, ọ̀pá gígùn àti ṣọ́bìrì, ìwúlò wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n wíwú èèyàn jáde ni wọ́n wà fún, ẹni tí wọn ò bá sì tètè wú láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣòro kó yè. Gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yìnyín gbé lẹ́ẹ̀kan náà ní Sheep Creek. Ta ni ì bá wá wú ta? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa kọjá, kí ìyókù dúró síbi tí òkè ò lè dé.

Lẹ́tà tó kù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.